Bí A Ṣe Ń Ṣe Alpha-synuclein Tó Gba Fósífétì ní Láàbù

Ọ̀pọ̀ púrótéènì a máa ká jọ sí ìrísí kan pàtó, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í ká jọ rárá, tí wọ́n kàn ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú omi bí okùn tí a tú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni alpha-synuclein, tó ní amino acid 140 (àwọn ègé tí a so pọ̀ di púrótéènì), tí àwọn olùwádìí àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láàbù kékeré ní Adó-Èkìtì yóò rí i pé àìkájọ yìí gan-an ló sọ iṣẹ́ náà di ìrọ̀rùn.

Ẹ fi jíìnì rẹ̀ sínú bakitéríà E. coli BL21(DE3), ẹ tọ́ ọ ní ìwọ̀n ooru 37°C, kí ẹ sì da IPTG, kẹ́míkà tó ń mú kí bakitéríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe púrótéènì náà, sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́ bakitéríà náà, ẹ sè é ní nǹkan bí 95°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn púrótéènì yòókù yóò ṣe dì, ṣùgbọ́n tiwa kò ní ìká tí ooru lè bà jẹ́. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ sẹ́ńtírífújì yí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun yóò silẹ̀, omi tó mọ́ gaara yóò sì dá dúró lórí rẹ̀ bí omikan lórí ògì. Omi òkè yẹn ni ẹ ń fẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó dà á nù. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù Q, ọ̀pá tó ń ya púrótéènì sọ́tọ̀ nípa iná mànàmáná ara wọn, fọ omi òkè náà mọ́.

Láti fi fósífétì sí serine 129 (amino acid tó wà ní ipò 129), ẹ po púrótéènì náà mọ́ ẹ́ńsáìmù PLK3 tó ń so fósífétì mọ́ ọn, ATP tí fósífétì náà ti ń wá, àti magnesium, kí ẹ fi sílẹ̀ ní 30°C mọ́jú. Nítorí pé iná lè lọ lóru, inú kúlà tí a bu omi lílọ́wọ́ọ́ sí ni mo máa ń gbé ọpọ́n náà sí. Láàárọ̀, ẹ tún un sè: PLK3 ká jọ ní tirẹ̀, nítorí náà yóò dì, ẹ ó sì yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má ṣe fi jẹ́ẹ̀lì lásán, tí a fi ń ya púrótéènì sọ́tọ̀ nípa títóbi wọn, ṣèdájọ́, nítorí dalton 80 péré (dalton ni òṣùwọ̀n ìwúwo púrótéènì) ni fósífétì kan fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ mass spectrometer, tó ń wọn ìwúwo púrótéènì gẹ́lẹ́, ló lè sọ bóyá gbogbo rẹ̀ ló gbà á tàbí ìdajì. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sínú ọpọ́n kéékèèké kí ẹ tó gbé e sí fírísà −80°C, torí dídì àti yíyọ́ léraléra a máa mú kí ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.