Bí mo ṣe fi fèrè ọjọ́ ìbí wá ìrísí mólékù

Omi ní átọ́ọ̀mù mẹ́ta, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì náà ní mẹ́ta. Kí ló dé tí omi fi tẹ̀ tí èkejì sì nà tantan? Àbúrò mi tó wà ní SS2 ló bi mí. Mo ra ọ̀rá fèrè (bàlúùnù) kan, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ síbi ọjọ́ ìbí, mo mú òwú, a jókòó ti tábìlì.

Òfin tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, Sidgwick àti Powell, dá lábàá lọ́dún 1940, tí Gillespie àti Nyholm tún ṣe lọ́dún 1957, la tẹ̀ lé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká máa ń wà ní méjìméjì, wọ́n sì ń ti ara wọn. Ìdì kọ̀ọ̀kan á wá ibi tó jìnnà sí ìyókù jù lọ. Fèrè tí a so nídìí pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Méjì nà gbọọrọ, 180 dígírì. Mẹ́ta tẹ́ pẹrẹsẹ, 120. Mẹ́rin ló dùn mọ́ wa: bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì tó, ńṣe ni wọ́n ń ta padà, mẹ́ta á fẹsẹ̀ tilẹ̀, ọ̀kan á nàró. 109.5 dígírì nìyẹn, ìrísí mẹ́tẹ́ènì (CH₄, kábọ́ọ̀nù kan láàárín háídírójìn mẹ́rin). Àgbélébùú tí wọ́n ń yà fún un nínú ìwé ń ṣi ọmọ lọ́nà, kí n má parọ́.

Ó wá kan omi. Mo ní kó ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù òde ara ọ́síjìn: mẹ́fà. Méjì ló fi di háídírójìn méjì mú: tirẹ̀ kan àti ti háídírójìn kan ló di ìdì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tó ṣẹ́ kù di ìdì méjì tó dá wà. Fèrè mẹ́rin náà nìyẹn. A fi bírò kọ H sára méjì, a fẹ́ àwọn adáwà tóbi sí i, torí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ń fa irú ìdì bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbilẹ̀. Kíá ni wọ́n fún àwọn oní-H mọ́ra. Nínú omi gidi, 104.5 ni. Ẹni tó bá ń wo H₂O lórí ìwé kò ní rí adáwà kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló tẹ omi. Amóníà (NH₃) ní adáwà ẹyọ kan, tirẹ̀ dúró sí 107.

Nínú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, kábọ́ọ̀nù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù òde mẹ́rin, ó ná gbogbo rẹ̀ sórí ọ́síjìn méjì, méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣẹ́ adáwà kù. Ìso oníméjì kì í gbà ju ojú ọ̀nà kan lọ. Ọ̀nà méjì péré ló wà, ló bá nà.

Mo wá gbé xenon tetrafluoride (xenon kan láàárín flúórínì mẹ́rin) fún un: fèrè mẹ́fà, adáwà méjì. Ó fi adáwà kan sókè, ó fi ìkejì sísàlẹ̀ kí wọ́n má baà fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Flúórínì mẹ́rin tẹ́ yí àárín ká, 90 dígírì síra wọn.