Bí A Ṣe Ń Bá Aládùúgbò Tí Kò Lè Jáde Ra Oúnjẹ Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìlú Àbújá ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba kò ní kí àwọn tó ń ta oúnjẹ kógbá sílé. Ẹni tí ara rẹ̀ le ṣì lè rìn dé ìsọ̀ aláta tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àwọn tí a ní kí wọ́n dá gbé nínú ilé fún ọjọ́ 14 nítorí pé wọ́n bá ẹni tó ní àrùn kòrónà pàdé, kò yẹ kí wọ́n dé àárín èrò ọjà rárá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ní òpópónà tiwa ní Mushin, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni a kọ́ bí a ṣe ń rajà fún ará ilé ẹni, a sì ṣe àwọn àṣìṣe tí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún ṣe.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni mímọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa kì í sọ ọ́ jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé, ìmáàmù àti pásítọ̀ àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹni tó ń ta omi, nítorí àwọn ni wọ́n tètè ń mọ̀ pé ojúlé báyìí kò ránni wá mọ́. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má ṣe béèrè pé, “Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?” Ìdáhùn tí ẹ máa gbà ni, “A dúpẹ́, kò sí nǹkan kan.” Ẹ sọ pé, “Màámi, mò ń lọ ra ata, kí ni kí n bá yín mú bọ̀?” Gbólóhùn yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di alágbe, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò ti ń ran ara wọn níṣẹ́ kí àrùn tó dé.

Ẹ yan ẹnì kan fún ilé kan, kí ẹni náà má sì ní ju ilé méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí ojú tuntun bá ń wá lójoojúmọ́, ẹ̀rù yóò máa ba ẹni tó wà nílé, àrùn pẹ̀lú yóò sì rí ọ̀nà púpọ̀ gbà wọlé. Ẹ fi ẹnì kejì sípamọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè gba iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí ikọ́ tàbí ibà bá mú ẹni àkọ́kọ́, torí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò gbọ́dọ̀ rajà fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a ti kùnà jù ni kíkọ ohun tí a máa rà sílẹ̀. A dá owó jọ, a ra ìrẹsì kóńgò mẹ́ta fún ìyá àgbà kan tó ń dá gbé ní yàrá ẹ̀yìn, inú wa sì dùn. Màámi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa gidigidi. Ọjọ́ kẹta ni a tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ yàrá kejì pé wọ́n ti pín ìrẹsì náà fún àwọn ọmọdé inú ilé, nítorí pé dókítà ti ní kí wọ́n dín in kù tìtorí àtọ̀gbẹ, àti pé ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń sè jẹ láìsí ata, láìsí epo. Láti ọjọ́ náà, a kì í ra ohunkóhun láìbéèrè. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀wà olóyin ni tàbí funfun, bóyá gààrí Ìjẹ̀bú ni tàbí pupa, bóyá kóńgò ni wọ́n fẹ́ tàbí dẹ́ríkà. Ẹ tún béèrè ẹni tí wọ́n máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé aláta tó bá mọ oníbàárà rẹ̀ ti mọ bí ata rẹ̀ ṣe ń rí. Oògùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iye hóró oògùn tó kù fún yín, kí ẹ lè ra òmíràn kí ó tó tán.

Owó ló lè tètè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ ní ìwé àjákọ kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tí ẹ gbà, iye tí ẹ ná, àti ṣẹ́ńjì, kí ẹ sì kà á sókè sí etí olówó. Bí ọjà bá ti gbówó lórí ju bí wọ́n ti rò lọ, ẹ pè wọ́n láti inú ọjà kí ẹ tó san owó. Èènì tí aláta bá bù kún un, ti ẹni tó ni owó ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè káàdì ATM arúgbó tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kódà bí arúgbó náà bá fẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò ní owó rárá, ẹ dá a jọ ní ìdákẹ́jẹ́ láàárín àwọn tó ní, ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé, ẹ má sì ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àpò oúnjẹ.

Ẹ lọ sí ọjà ní kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀, kí ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ sì ti pe aláta ṣáájú kí ó lè di ẹrù sílẹ̀. Èlùbọ́, gààrí àti ẹ̀wà ni a lè rà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ata àti tòmátì kò yẹ kó ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan, àyàfi bí ẹ bá lè bá wọn lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sè é gbẹ. Ẹ má ṣe gbàgbé omi àti sílíńdà gáàsì, tó wúwo ju oúnjẹ lọ. Ẹ tún kíyè sí ohun kékeré kan: ọwọ́ arúgbó kì í sábà lè ṣí ìdérí ìgò òróró tuntun, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá kí ẹ bá wọn ṣí i.

Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ gbé ẹrù náà lé orí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má bàa bẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì sún sẹ́yìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ rán wọn létí pé kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ẹrù tán. Ẹ má sì kánjú lọ, nítorí pé ìkíni yìí náà jẹ́ ara iṣẹ́ náà: ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, kí ẹ sì fetí sí ohùn wọn. Bí ẹ bá gbọ́ pé èémí wọn ń já, tàbí pé ọ̀rọ̀ wọn kò so pọ̀ mọ́, ẹ pe àwọn ọmọ wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe 6232, ìlà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn tí ẹ kò gbọ́ èsì, ẹ má gbé ẹrù kalẹ̀ kí ẹ lọ. Ẹ wá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹni náà bá tún lè jáde, ẹ mú ìwé àjákọ náà lọ, kí ẹ jọ ka ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì dá ṣẹ́ńjì tó kù padà bó ti wù kó kéré tó. Ẹ bá a lọ sí ọjà àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń wúwo. Ẹ bá a gbé àpò èlùbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ná ọjà.