Bọ́ọ̀tì, áàpù kékeré inú Telegram, tàbí áàpù gidi: bí a ṣe ń yan èyí tó bá ọjà wa mu

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó ti màmá kan tó ń ta àdìre ní Ìtọ́kù, l'Abẹ́òkúta. Fóònù rẹ̀ kò sinmi. "Ẹ káàárọ̀ mà, èló ni yáàdì márùn-ún?" "Mà, ṣé eléyìí ṣì wà?" "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi òmíràn hàn mí." Ọwọ́ màmá wà nínú aṣọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dáhùn. Kó tó kan ẹni kẹwàá, ẹni kìíní ti lọ rà á níbòmíràn. Ni màmá bá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, wọ́n ní kí n ṣe áàpù. Ṣé kí n ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí ó ń dùn mí bí mo bá rí oníṣòwò tó kó owó ọjà lé áàpù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀tì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, dà bí ọmọ tí a fi sẹ́nu ìsọ̀ kó máa dá àwọn èrò lóhùn. Áàpù kékeré, irú èyí tó wà nínú Telegram àti WeChat, àwọn áàpù tí à ń fi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bíi WhatsApp, dà bí ìsọ̀ tí a gbà nínú ọjà ẹlòmíràn: oníbàárà ti wà nínú ọjà tẹ́lẹ̀, ó kàn yà wọlé ni. Áàpù gidi tí à ń gbà sórí fóònù láti Play Store tàbí App Store ni ilé tí a fọwọ́ ara wa kọ́. Telegram ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gba kọ́bọ̀ kí a tó dá bọ́ọ̀tì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tí oníbàárà ń béèrè

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn. Àwọn kan wà tí ìdáhùn wọn kì í yí padà: iye owó, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ẹ ń ṣí. Àwọn kan gba pé kí ènìyàn fojú rí ọjà kó tó yan. Àwọn tó kù ń béèrè ohun tí fóònù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe, bíi kí a máa rí ibi tí ọlọ́kadà tó gbé ẹrù dé, tàbí kí iṣẹ́ máa lọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Àkọ́kọ́, bọ́ọ̀tì ló ni ín. Èkejì, áàpù kékeré. Ẹ̀kẹta nìkan ni mo mọ̀ tó tó kí a torí rẹ̀ kọ áàpù gidi. Nígbà tí a ka ti màmá Ìtọ́kù, ti àkọ́kọ́ ju ìdajì lọ, ti èkejì ló kó ìyókù. Kò sí ẹyọ kan nínú ẹ̀kẹta.

Ẹ tún wo ibi tí àwọn oníbàárà yín wà. Bó bá jẹ́ WhatsApp ni gbogbo wọn wà, ẹ kọ́kọ́ lo WhatsApp Business ọ̀fẹ́. Ó ní ibi tí a ń pàtẹ ọjà sí, ó sì lè dáhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí. Fún ọjà kékeré, ìyẹn lè tó. Bọ́ọ̀tì gidi níbẹ̀ ń náni lówó, ó sì ní òfin tirẹ̀. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí oníbàárà sọ, ẹ kò lè kọ ohun tó wù yín sí i mọ́, àfi ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá bọ́ọ̀tì sílẹ̀

Láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Telegram ti gba bọ́ọ̀tì láàyè. Ẹ wá BotFather nínú Telegram, bọ́ọ̀tì Telegram fúnra rẹ̀ tí a fi ń dá bọ́ọ̀tì mìíràn sílẹ̀, kí ẹ rí i pé ó ní àmì ìfọwọ́sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí ayédèrú wà. Ẹ kọ /newbot sí i. Yóò béèrè orúkọ, lẹ́yìn náà yóò béèrè orúkọ àdírẹ́sì, èyí tó gbọ́dọ̀ parí sí "bot". Yóò wá fún yín ní token, ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà gígùn kan.

Token yìí ni kọ́kọ́rọ́ ilé: òun ni ètò tí ẹ bá kọ fún bọ́ọ̀tì fi ń darí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí i lè lò ó. Èmi fúnra mi ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mi rí, mo fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù láti béèrè ìrànlọ́wọ́, mi ò rí i pé token hàn nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti ń fi bọ́ọ̀tì mi kọ ìkọkúkọ sí àwọn oníbàárà ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ padà sọ́dọ̀ BotFather, ẹ kọ /revoke; ti àtijọ́ yóò kú lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì gba tuntun.

Bọ́tìnì mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀: "Èló ni?", "Níbo lẹ wà?", àti "Mo fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀". Ẹ má yọ ẹ̀kẹta yẹn láéláé. Bọ́ọ̀tì tí kò jẹ́ kí àgbàlagbà rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, ó ń lé oníbàárà ni. Ọ̀rọ̀ kan nínú Telegram lè gùn tó àmì lẹ́tà 4,096, àmọ́ ìlà mẹ́ta ni kí ìdáhùn yín mọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ bọ́ọ̀tì fún àwọn Yorùbá sábà máa ń gbàgbé. Oníbàárà kan á kọ "èló ni", èkejì á kọ "elo ni", ẹ̀kẹta á kọ "Elo nì". Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀. Ó tún wá burú sí i pé lẹ́tà bíi "ẹ̀" kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà àti àmì ni fóònù ń so pọ̀, fóònù kan lè so ó lọ́nà tí òmíràn kò gbà so ó. Nítorí náà, kí bọ́ọ̀tì yọ gbogbo àmì kúrò nínú ohun tí oníbàárà kọ, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kó sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré, kó tó fi wé ohun tó mọ̀. Ìdáhùn tirẹ̀ ni kó kọ pẹ̀lú àmì tó pé.

Bọ́ọ̀tì Telegram kì í ṣáájú kí ènìyàn. Oníbàárà gbọ́dọ̀ tẹ Start kí bọ́ọ̀tì tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ àmì QR sára ọ̀rá tí ẹ fi ń di aṣọ, kí ẹ sì lẹ òmíràn mọ́ ara ògiri ìsọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nígbà tí oníbàárà fẹ́ fojú rí i

Ẹni tó ń wá àdìre Ìbàdàndùn kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yan án. Ó fẹ́ rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú iṣẹ́ ọnà náà, ó fẹ́ mọ bí aró ṣe mu tó. Bí bọ́ọ̀tì bá da ọgbọ̀n àwòrán sí i lójú, yóò sá. Níbí ni áàpù kékeré ti wúlò. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2017 ni WeChat ṣí tirẹ̀, débi pé ènìyàn á jókòó sílé oúnjẹ, á fi fóònù wo àmì orí tábìlì, á yan oúnjẹ, á sanwó, láìgba áàpù kankan sórí fóònù. Ti Telegram dé ní 2022.

Nínú lọ́hùn-ún, ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù lásán ni. Ẹni tó lè kọ HTML àti JavaScript, àwọn èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, lè ṣe é. Ẹ gbé e sórí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ẹ so fáìlì telegram-web-app.js mọ́ ọn, kí ẹ wá lọ sọ́dọ̀ BotFather láti fi àdírẹ́sì náà sí bọ́tìnì mẹ́nù bọ́ọ̀tì yín. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, àwọn aṣọ á hàn. Kò ní forúkọ sílẹ̀, nítorí Telegram ló ń sọ fún yín pé lágbájá ló wọlé.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Telegram máa ń fi èdìdì kan tẹ̀lé e nínú initData, ìsọfúnni tó fi ń ránṣẹ́ sí áàpù kékeré nípa ẹni tó wọlé. Server yín, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ yín tí áàpù náà ń bá sọ̀rọ̀, ni kó fi token yẹ èdìdì náà wò. Bákan náà ni iye owó. Mo ti rí áàpù kékeré kan tó jẹ́ pé láti inú fóònù oníbàárà ni iye owó ti ń wá. Ọmọkùnrin kan yí ₦18,000 padà sí ₦18, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé aṣọ lọ. Nọ́ńbà aṣọ nìkan ni kí fóònù fi ránṣẹ́, kí server fúnra rẹ̀ wo iye tó jẹ́.

Ní ti ìsanwó, ẹ má gba àwòrán àlááàtì. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó fún yín, bíi Paystack, sọ fún server yín pé owó ti wọlé, kí bọ́ọ̀tì tó sọ pé "A ti rí owó yín". Kí ẹ sì fún àwòrán aṣọ pọ̀ kó fúyẹ́. Dátà oníbàárà ni ẹ ń ná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bi ara yín bóyá áàpù gidi pọn dandan

Mo kọ ọ̀kan rí fún aláṣọ kan, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ó rẹwà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní fóònù àwọn ti kún, àwọn ò lè pa fọ́tò ọmọ rẹ́ torí áàpù aṣọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè kí n tó kọ ohunkóhun.

Kí ẹ tó lè gbé áàpù síta, Google tó ni Play Store ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apple tó ni App Store ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì tuntun ní Play Store gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ènìyàn 12 tí yóò dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra. Ilé tí ẹ kọ́ fúnra yín yìí náà, àwọn méjèèjì ló ni ẹnubodè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kíkó ẹrù kiri, tàbí àkọsílẹ̀ oko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, ẹ kọ ọ́, kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tọ́jú orúkọ oníbàárà sọ́dọ̀ ara yín

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, ó di oṣù kìíní 2022 kó tó ṣí i. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà níbì kan ṣoṣo kò rí ẹnì kankan pè.

Bọ́ọ̀tì Telegram kì í rí nọ́ńbà fóònù ènìyàn àfi bí onítọ̀hún bá fún un. Bọ́tìnì kan wà fún ìyẹn. Ẹ fi í sí ìparí ìrajà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe, kí ẹ má sì fi ṣe ohun mìíràn. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà lórí èyí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ da àkójọ náà sínú fáìlì kan tó wà lọ́wọ́ yín.

Bọ́ọ̀tì ni màmá Ìtọ́kù fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ni a fi áàpù kékeré kún un, aṣọ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá tà ní ìsọ̀, ọmọ rẹ̀ á tẹ "Ó ti tán", aṣọ náà á kúrò lójú àwọn tó kù.