Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Inú Gìtá Mi, àti Ojú Lẹ́ẹ̀dì Kan Tó Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Yọ Mí Lẹ́nu

₦110,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo fi máa de ìdérí gìtá náà padà fún ìgbà tó kẹ́yìn, ₦176,000 ti lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti bá a lọ. Owó pickup, ẹ̀yà tó ń gba ìró okùn gìtá tó sì ń sọ ọ́ di iná, kọ́ ló dùn mí, nítorí mo ti mọ iye tí wọ́n ń tà á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dùn mí ni owó tí mo fi ń wá orísun ariwo kan kiri, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, tí èmi fúnra mi sì wá gbà á sílé.

Gìtá náà jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí wọ́n fi jọ Stratocaster, irú gìtá tí ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1954: pickup mẹ́ta, kọ́ńtírólù mẹ́ta, àti súwíìṣì tó ní ipò márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ti òde òní. Igi rẹ̀ le, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa tà á. Ohùn rẹ̀ nìkan ni àbùkù rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀, bí mo bá sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, tí dùùrù àti ìlù ti wọlé, èmi tí mo ń ta á gan-an kì í gbọ́ ohun tí mo ń ta. Ẹni tó bá ń ta gìtá lọ́nà ti jùjú mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ohùn tó mọ́ gaara ni gìtá fi ń wọ àárín àwọn ìlù láìjẹ́ pé ó ń pariwo lé wọn lórí.

Kí n tó ronú àtiṣe é fúnra mi, mo gbé e fún ọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti ańpilifáyà ṣe, nítorí pé kọ́ńtírólù rẹ̀ ń ṣe ṣáṣáṣá bí mo bá ti ń yí i. ₦15,000 ló gbà. Ṣáṣáṣá náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkùn kan rọ́pò rẹ̀, bí ìgbà tí oyin bá wà nínú ihò igi. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní bí gìtá oníná ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kí n lọ ra ańpilifáyà tó dára. Inú bí mi débi pé n kò lè bá a jiyàn. Nígbà tí mo ṣí gìtá náà nílé, mo rí i pé ó ti gé wáyà kan tó lọ sí ẹ̀yìn, sára irin tí àwọn sípíríǹgì so mọ́, bóyá nítorí pé kò rí iṣẹ́ tí wáyà náà ń ṣe. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìṣẹ́jú méjì ni n ó fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ibẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì yẹn sọ́kàn.

Níwọ̀n bí mo ti ṣí i, mo pinnu pé n ó kúkú pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yẹ ní fífi sílẹ̀: pickup tí wọ́n kàn lẹ mágnẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ mọ́ lábẹ́, kọ́ńtírólù tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, àti wáyà tó tín-ín-rín bí òwú. Nínú pickup tí mo fi rọ́pò wọn, ọ̀pá mágnẹ́ẹ̀tì Alnico kọ̀ọ̀kan ló dúró lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà láàárín, wọ́n yí wáyà tirẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n sì dorí mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kodò, kí kíkùn tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì rẹ̀ lè pa ara wọn nígbà tí súwíìṣì bá wà ní ipò kejì tàbí ìkẹrin, tí pickup méjì ń dún pọ̀. Kọ́ńtírólù tí mo rà jẹ́ 250K, ìyẹn 250,000 ohm, ìwọ̀n bí ó ṣe ń dí iná lọ́nà, nítorí pé òun ló bá irú pickup bẹ́ẹ̀ mu. Bí ẹ bá fi 500K sí i, ohùn náà yóò mú jù. 250K ni wọ́n kọ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n 228, 239 àti 251 ni mítà mi kà. Ẹ má bínú sí ẹni tó tà á, nítorí pé wọ́n máa ń fàyè gbà á kí ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé tàbí kí ó fi dín. Mo fi 251 sí ibi tó ń gbé ohùn sókè, kí ohùn náà lè máa tàn dáadáa.

Èkó ni pickup ti wá. Wáyà, jáàkì (ihò tí a ń ki wáyà ańpilifáyà bọ̀) àti lẹ́ẹ̀dì ni mo rí rà ní agbègbè Queen Cinema. N kò ní sọ bí a ṣe ń tú okùn tàbí bí a ṣe ń jó wáyà mọ́ súwíìṣì, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà nínú páálí pickup, ẹni tó bá sì lè ka àwòrán lè ṣe é. Ohun kan tí àwòrán náà kò sọ fún mi ni pé ọrùn kọ́ńtírólù tí mo rà, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9.5, sanra ju ihò tó wà lára ike gìtá ti Ṣáínà lọ. Fáìlì roboto ni mo fi fẹ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ike náà sì sán díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ti bò ó.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo parí rẹ̀. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo ta á lẹ́ẹ̀kan, inú mi sì dùn débi pé mo pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná. Ohùn náà mọ́ bí omi òjò. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní, “Bàbá Títí, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló ń kùn yẹn?”

Kíkùn náà wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ dín. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná ilé, nítorí pé iná wa máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pickup oní-kọ́ìlì kan sì máa ń gbọ́ ọ. Mo yọ ṣájà fóònù, mo pa fáànù, mo pa gbogbo gílóòbù. Mo fi jẹnẹrétọ̀ dán an wò, ó tún burú sí i. Mo ra bébà kọ́pà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ní ₦9,000, mo fi tẹ́ gbogbo inú ihò gìtá náà, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì so ojú bébà kọ̀ọ̀kan mọ́ra, nítorí pé kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí iná kọjá. Iṣẹ́ ọ̀hún rẹwà gan-an. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Kíkùn kò yí padà. Mo ra jáàkì mìíràn. Mo tún gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ ike jó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ínfátà aládùúgbò wa bí ọ̀tá.

Ó yẹ kí nǹkan kan ti jẹ́ kí n fura. Bí ó bá jẹ́ pé pickup ló ń kùn, ó yẹ kí kíkùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá ní ipò kejì àti ìkẹrin, nítorí ohun tí mo sanwó fún nìyẹn. Kò kú. Mo rí èyí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì gbójú fò ó, mo ní bóyá èèyàn ló ti já mi jẹ pẹ̀lú pickup ayédèrú. Ní ti wáyà ẹ̀yìn tí ọkùnrin yẹn gé, n kò fura sí i rárá, torí pé èmi ni mo jó o padà. Mo tilẹ̀ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò: mo gbé ẹnu mítà kan lé orí lẹ́ẹ̀dì tó wà lára irin sípíríǹgì, mo gbé èkejì lé ẹ̀yìn kọ́ńtírólù, mítà sì dún, àmì pé iná ń kọjá. Ọkàn mi balẹ̀.

Bọ̀dá kan tó ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú nígbà èwe rẹ̀, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò béèrè fún mítà. Ó ní, “Àbúrò, fọwọ́ kan okùn.” Mo fọwọ́ kàn án, ohunkóhun kò yí padà. Ó ní, “Wàyí o, fọwọ́ kan irin jáàkì.” Ìgbà tí ọwọ́ mi kan irin náà, kíkùn náà wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Okùn rẹ kò mọ ilẹ̀.”

Ara wa máa ń gba kíkùn iná inú ilé bí eriali ṣe ń gba rédíò, a sì ń gbé e sún mọ́ pickup nígbàkigbà tí a bá gbé gìtá dání. Wáyà ẹ̀yìn yẹn ló yẹ kó ti ara àwọn sípíríǹgì so okùn mọ́ ilẹ̀ gìtá, ìyẹn àwọn irin àti wáyà tó so mọ́ ara jáàkì, kí ara ẹni tó fọwọ́ kan okùn lè di ara ilẹ̀ náà. Bí kíkùn bá dín nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, wáyà náà wà níbi tó yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ irin jáàkì nìkan ló ń dín in, wáyà náà ti já níbì kan.

Mo ṣí ẹ̀yìn gìtá. Mo fi èékánná tẹ lẹ́ẹ̀dì tí mo jó, ó sì ṣí bí èépá ojú egbò. Ó ti di mọ́ wáyà, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan di mọ́ irin. Ẹnu mítà mi ti kan lẹ́ẹ̀dì, kò kan irin, ìdí nìyẹn tí mítà fi purọ́ fún mi. Bóyá èmi ni mo purọ́ fún mítà. Nígbà tí mo wá wọn iná ilé wa ní aago mẹ́jọ alẹ́, fóltì 160 ló wà dípò 230. Agbára irin ìjólẹ́ẹ̀dì kò kàn ń lọ sílẹ̀ ní iye kan náà pẹ̀lú fóltì. Bí iná bá dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìlàjì. Irin mi tí wọ́n kọ wáàtì 30 sí lára kò tó wáàtì 15 ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó tó láti yọ́ lẹ́ẹ̀dì lórí wáyà kékeré, ṣùgbọ́n irin sípíríǹgì nípọn, ó sì ń fa ooru mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi.

Mo ra irin wáàtì 60 ní ₦8,500. Mo fi fáìlì họ ara irin sípíríǹgì títí ó fi dán, mo fi gọ́ọ̀mù ìjólẹ́ẹ̀dì pa á, mo sì dúró di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mítà ka 215. Lẹ́ẹ̀dì náà tàn ká lórí irin bí epo lórí àwo gbígbóná, dípò kó dúró ní kókó. Ìṣẹ́jú méjì náà ló gbà mí.

Nísinsìnyí ipò kejì àti ìkẹrin dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ṣì ń kùn díẹ̀, kò sì sí kọ́pà tó lè lé ìyẹn lọ, torí pé kọ́pà ń dí ipa iná, kò lè dí ipa mágnẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ wọn iná ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì gbé ẹnu mítà lé orí okùn gan-an, kì í ṣe orí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ tún kíyè sí ańpilifáyà yín: okùn tó mọ ilẹ̀ so ara yín mọ́ ọn, bí kò bá sì sí wáyà ilẹ̀ nínú ilé, iná lè ti ara máíkì gbá yín lẹ́nu.

N kò tíì padà lọ bá ọkùnrin onírédíò yẹn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá dé ibi tí n ó ti sọ pé òun ló gé wáyà, mo máa ń rántí ẹni tó jó o padà.