Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jinlẹ̀ Pẹ̀lú Ẹlẹgbẹ́ àti Òdìkejì Rẹ̀

Okùn kì í fọ́, àwo kì í já. Okùn ló ń já, àwo ló ń fọ́, igi ló ń kán, aṣọ ló ń ya. Ọmọ Yorùbá kì í ṣi èyí sọ, nítorí pé ẹnu àwọn tó ń lò ó ló ti kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe rí nìyẹn. "Snap", "tear" àti "shatter" jọra, ṣùgbọ́n "tear" ni ti aṣọ, "snap" ni ti okùn, "shatter" sì ni ti dígí tó fọ́ yángáyángá. Ẹni tó bá ń há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé pẹlẹbẹ tó kàn tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kò ní mọ ibi tí yóò ti lò wọ́n.

Gé páálí tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀rọ̀ kan sí páálí kan. Má kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan síwájú. Odindi gbólóhùn ni kí o kọ, kí o sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí o ń kọ́: "Our mother is frugal; she buys only what we need." Lẹ́yìn páálí, kọ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni; kọ ẹlẹgbẹ́ méjì (ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọ tirẹ̀) àti òdìkejì kan. Lẹ́yìn náà, fi àmì + sí i bí ọ̀rọ̀ náà bá ń yin ènìyàn, tàbí − bó bá ń bú u.

Àmì yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fò, àìsí rẹ̀ ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà jù. Ẹlẹgbẹ́ "frugal" ni "thrifty" àti "economical", ẹni tó mọ owó ṣọ́ ná. "Stingy" àti "miserly" wà nítòsí, ṣùgbọ́n ahun ni wọ́n ń pe ènìyàn. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni "slender" àti "skinny", ṣùgbọ́n "slender" ń yìn, "skinny" ń bú. Bákan náà ni "determined" (ẹni tó pinnu) àti "obstinate" (olóríkunkun), "famous" (ẹni tó lókìkí) àti "notorious" (ẹni tó lókìkí búburú).

Ẹlẹgbẹ́ tí o bá kọ sẹ́yìn páálí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o bá kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta tó jọra lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò dàrú mọ́ra. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí "benevolent" (onínúure) àti "malevolent" (onínú búburú): ẹni tó kọ́ méjèèjì pọ̀ á máa fi ọ̀kan pe èkejì. Fi ọ̀sẹ̀ kan sí àárín wọn.

Òdìkejì ló gba sùúrù jù. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ohun wo ni ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn. Òdìkejì "rough" fún ara ògiri ni "smooth", fún òkun ni "calm", fún iye tí a fojú díwọ̀n ni "exact". Láàárín "hot" àti "cold", "warm" àti "cool" wà, nítorí náà ohun tí kò gbóná kò tíì di tútù. Láàárín "alive" àti "dead", kò sí nǹkan kan. Irú kẹta ni "lend" àti "borrow", apá méjì ọ̀rọ̀ kan náà. "Yá" nìkan ni a ń lò fún méjèèjì, ìdí nìyẹn tí "borrow me your pen" fi ń bọ́ lẹ́nu wa. "Lend me" ló tọ̀nà.

Ṣọ́ra fún ìbẹ̀rẹ̀ "in-" àti "dis-". "Incompetent" ni òdìkejì "competent", òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun iyebíye gan-an ni "invaluable". "Worthless" ni òdìkejì rẹ̀. "Inflammable" àti "flammable" kò yàtọ̀, méjèèjì ń gbiná. "Disinterested" ni ẹni tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. "Biased" ni òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́ tó, fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ keje wà fún àtúnyẹ̀wò. Pín páálí bàtà sí ojú márùn-ún, irú ọ̀nà tí Sebastian Leitner gbé jáde ní 1972. Yẹ ojú kìíní wò lójoojúmọ́, ìkejì ní ọjọ́ méjì-méjì, ìkẹta ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ìkẹrin lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ìkarùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí tí o bá mọ̀ á tẹ̀ síwájú. Èyí tí o bá gbàgbé á padà sí ojú kìíní, ibi yòówù kó ti dé. Anki, áàpù tí a fi ń ṣe àtúnyẹ̀wò, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù Android lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní WAEC, ìbéèrè 80 ni ìwé kìíní Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí kan sì ni àkókò rẹ̀. Ti JAMB jẹ́ 60 nínú 180 tí a ń ṣe ní wákàtí méjì. Kò sí àyè fún ìrònú gígùn. Ka ìtọ́ni ná, bóyá ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n ń bèèrè tàbí òdìkejì. Fi ọwọ́ bo ìdáhùn, mú ọ̀rọ̀ tìrẹ wá, kí o tó ṣí i wò. Wo gbólóhùn yìí: "The first witness was candid, but the second was ..." Ìdáhùn: "frank", "evasive", "evade", "silent". "Frank" jẹ́ ẹlẹgbẹ́, ibẹ̀ ni ẹni tó ń kánjú ń ṣubú sí. "Evade" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò lè jókòó síbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ "silent" kò sọ̀rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ẹni tó sọ òótọ́ láìfi bò ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yípo láti fi òótọ́ pamọ́. "Evasive" ni.