Bí a ṣe ń wọn bónọ́ọ̀sì krẹ́díìtì káàdì kí Màmá tó gbéra l'Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ti ta kòkó rí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé kòkó tútù máa ń wúwo lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ bó ṣe gbẹ sí lẹni tó fẹ́ rà á ń wò kó tó dá owó lé e. Ojú yẹn náà ni kí ẹ fi wo bónọ́ọ̀sì tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà fi ń pe èèyàn wá gba krẹ́díìtì káàdì ìrìn-àjò. Póìǹtì (àmì ẹ̀bùn tó ṣeé fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí báńkì máa fún yín bí ẹ bá fi káàdì náà ná iye kan láàárín oṣù díẹ̀) 75,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìwé, tútù ló ṣì wà. Ẹ sá a ná.

Ìdílé tí ìyá wà l'Àkúrẹ́, tí ọmọ wà ní Houston tàbí Maryland, tí ìyàwó ọmọ náà sì ti lóyún, la ní lọ́kàn níbí: Màmá gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ. Ọmọ ló máa gba káàdì, torí nọ́ńbà Social Security tàbí ITIN (nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò ní Social Security) ni báńkì sábà máa ń bèèrè. Màmá ò nílò káàdì kankan. Ẹni tó ni póìǹtì lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí Màmá máa gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó mọ káàdì. Láti Èkó, Delta ń lọ Atlanta tààrà, United ń lọ Washington, Air France ń gba Paris, KLM ń gba Amsterdam, Virgin Atlantic àti British Airways ń gba London. Póìǹtì àwọn báńkì bíi Chase, American Express, Citi àti Capital One ṣeé gbé lọ sí Flying Blue, tí í ṣe ètò máìlì (póìǹtì ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú) Air France àti KLM, ó sì ṣeé gbé lọ sí ti Virgin Atlantic. Ti Chase tún ń wọ United. Ti American Express ń wọ Delta. Káàdì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo ò fàyè gba irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, póìǹtì báńkì la máa mú fún ìrìn-àjò tó ti Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjọ́ físà lè yẹ̀, bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, ọ̀nà tó dára lóṣù yìí lè má dára lóṣù tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Ìkẹjà, àti ibi tí Màmá máa sùn mọ́jú, ẹ yà á sọ́tọ̀. Póìǹtì ò ní san ìyẹn.

Wàyí o, iye tí póìǹtì kan jẹ́. Ẹ wá ìrìn-àjò kan náà, ọjọ́ kan náà, lọ́nà méjì: iye rẹ̀ lówó, àti iye rẹ̀ ní póìǹtì. Ẹ yọ owó orí àti àfikún owó tí wọ́n máa gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì póìǹtì kúrò nínú iye owó, kí ẹ fi iye póìǹtì pín ohun tó kù. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ dọ́là 1,200, tí ti póìǹtì jẹ́ 70,000 pẹ̀lú dọ́là 150, ẹ̀ẹ́ fi 70,000 pín 1,050: póìǹtì kan jẹ́ sẹ́ǹtì 1.5. Bí ètò mìíràn bá ń gba máìlì 80,000 pẹ̀lú dọ́là 400 fún ìrìn-àjò yẹn, máìlì kan ò ju sẹ́ǹtì 1 lọ. Àfikún owó yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. British Airways jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó máa ń gbà á gan-an.

Ẹ jẹ́ ká gbé káàdì mẹ́ta sórí òṣùwọ̀n. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí. Ẹ fi èyí tí ẹ bá bá lójú ìwé báńkì rọ́pò wọn.

Àkọ́kọ́: póìǹtì 75,000, bí ẹ bá ná dọ́là 5,000 láàárín oṣù 3, owó ọdọọdún tí báńkì ń gbà lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 95. Ní sẹ́ǹtì 1.5, ó jẹ́ dọ́là 1,125. Ẹ yọ 95, ó ku 1,030.

Èkejì: máìlì 50,000, dọ́là 2,000 ní oṣù 3, kò sí owó ọdún àkọ́kọ́. Ní sẹ́ǹtì 1, dọ́là 500 ni, kò sì tíì tó tíkẹ́ẹ̀tì kan.

Ẹ̀kẹta: owó gidi dọ́là 200, bí ẹ bá ná 500. Kò sí owó ọdọọdún.

Àkọ́kọ́ ló borí, àmọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o nìkan. Ẹ ka ìnáwó oṣù mẹ́ta tó kọjá, èyí tó ṣeé fi káàdì san: oúnjẹ, epo mọ́tò, fóònù, ìbánigbófò. Bó bá jẹ́ dọ́là 1,800 lóṣù, ẹ lè mú àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 700, èkejì ni òdiwọ̀n yín. Bí kò bá ju 500 lọ, ẹ mú owó gidi 200 yẹn kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá ń wá nǹkan tí kò nílò rà kó lè pé 5,000, ara rẹ̀ ló ń san bónọ́ọ̀sì fún.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọjọ́ tí báńkì fọwọ́ sí ìbéèrè káàdì yín ni wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta náà, kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì dé ilé. Owó ọdọọdún ò sí nínú ìnáwó tí wọ́n ń kà. Ọjà tí ẹ bá dá padà, wọ́n á yọ ọ́, nítorí náà ẹ má ṣe dúró sí 5,000 géérégé. Ẹ ré e kọjá ní dọ́là 200 tàbí 300. Èyí tó kan wa jù ni owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá fi krẹ́díìtì káàdì fowó ránṣẹ́ s'Àkúrẹ́, báńkì lè kà á sí owó tí ẹ yá lọ́wọ́: wọn ò ní kà á mọ́ bónọ́ọ̀sì, wọ́n á gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Káàdì tó ń yọ owó láti inú àkáǹtì yín ni kí ẹ máa fi ṣe ìyẹn. Bákan náà, gbèsè dọ́là 3,000 tí èlé rẹ̀ jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ń jẹ dọ́là 60 lóṣù. Oṣù mẹ́rin péré, 240 ti lọ. Ẹni tí kò bá ní lè san gbogbo rẹ̀ tán lóṣooṣù, kó má gba káàdì náà rárá.

Báńkì náà ní òfin tirẹ̀. Chase kì í sábà gba ẹni tó ti ṣí káàdì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù 24, láti báńkì yòówù. American Express sábà máa ń fúnni ní bónọ́ọ̀sì káàdì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ má gbà á nígbà tí ohun tí wọ́n ń fúnni kéré. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, Chase ni kó ṣáájú. Ẹ má sì pa káàdì dé kó tó pé ọdún kan. Àwọn báńkì kan lè gba póìǹtì wọn padà.

Bí póìǹtì bá ti wọlé, ẹ má gbé e kúrò ní báńkì kí físà Màmá tó jáde, kí ẹ sì tó fojú ara yín rí àyè lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́. Póìǹtì tó bá ti wọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í padà mọ́. Orúkọ ẹni tó ni káàdì ni kó wà lórí àkáǹtì máìlì náà, kí ẹ wá kọ orúkọ Màmá sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi orí kọ orúkọ náà. Ẹ ní kí wọ́n ya ojú ewé pásípọ́ọ̀tù wọn ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́, kí ẹ dà á kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ ọkọ, orúkọ baba àti orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n lè máà jẹ́ ọ̀kan náà.