Ìgbẹ́ adìyẹ ni àbí kọ́ńpóòsì?

Inú àpò ìrẹsì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni ẹ̀fọ́ mi wà, lẹ́yìn ilé ní Èbúté Mẹ́ta, ibi tí kò gbà ju mọ́tò méjì lọ. Àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá ògiri ló kọ́kọ́ ń bi mí léèrè. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mo kó díẹ̀ jọ síbí nínú ohun tí wọ́n bi mí nípa ìgbẹ́ ẹran àti kọ́ńpóòsì, ìyẹn ewé, èèpo àti irú wọn tí a kó jọ sí òkìtì kó lè jẹrà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ra ìgbẹ́ adìyẹ àpò kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ, mo sì bù ú sí ìdí ata rodo àti ugwu mi ní Múṣin. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tí etí ewé fi ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ata méjì ti kú. Ṣé wọ́n da nǹkan mọ́ ọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọn ò da nǹkan kan mọ́ ọn, tútù ló ṣì wà ni. Adìyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀ bíi ti ewúrẹ́. Ohun tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, inú ìgbẹ́ yẹn náà ló ń bá a jáde, òun ni funfun tí ẹ máa ń rí lórí rẹ̀. Náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko, pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí omi bá ti kàn án, a di afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní amóníà, òun ló ń ta yín nímú tí ojú fi ń ṣomi. Ohun tó lè pa àgbàlagbà lójú báyẹn, kí lẹ rò pé yóò ṣe fún gbòǹgbò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú? Iyọ̀ inú rẹ̀ náà tún ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù.

Lónìí yìí, ẹ fọwọ́ ha ìgbẹ́ náà kúrò lójú ilẹ̀, pẹ̀lú yanrìn díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpò bóyá ihò rẹ̀ ti dí. Lẹ́yìn náà kí ẹ rọ omi sí i títí tí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, kí ẹ tún rọ ọ́ lọ́la àti lọ́túnla. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan, ì báà jẹ́ ti inú lailọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ewé tó ti jó ò ní padà bọ̀ sípò, orí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: bí ewé tuntun bá yọ tí etí rẹ̀ mọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, àpò ṣọkọ mẹ́jọ ni mo fọwọ́ ara mi pa báyìí lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi.

Ìbéèrè: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n pa ìgbẹ́ tì, kí n máa lo kọ́ńpóòsì nìkan? Súrùlérè ni mo wà mà.

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ wo ilẹ̀ wa ná. Yanrìn ló pọ̀ jù l'Ékòó. Ẹ da omi sí i, ẹ ò ní kà dé mẹ́wàá tí yóò fi wọlẹ̀ lọ, òjò oṣù kẹfà á sì fọ oúnjẹ inú rẹ̀ dànù. Kọ́ńpóòsì ló ń mú omi àti oúnjẹ dúró bíi fóòmù, àmọ́ oúnjẹ tirẹ̀ kì í yá. Ìgbẹ́ loúnjẹ rẹ̀ yá. Kọ́ńpóòsì lẹ̀fọ́ inú ìkòkò, ìgbẹ́ lata. Ta ló ń fi ata nìkan jẹ iyán?

Bí mo ṣe ń pò ó nìyí: yanrìn bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kọ́ńpóòsì méjì, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tán ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì ni mo fi ṣe kọ́ńpóòsì mi. Ó ti dúdú, kò rùn, àmọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sí i pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò dàgbà.

Ìdáhùn: Dúdú tó dú yẹn ló tàn yín. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń jẹ igi nílò náítírójìn kí wọ́n tó lè jẹ káábọ̀nù, ohun tó pọ̀ jù nínú igi, igi ò sì ní náítírójìn tó. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ tẹ̀tẹ̀ yín. Ohun tó ń jẹrà dáadáa, káábọ̀nù rẹ̀ máa ń tó 30 sí náítírójìn 1. Ti lẹ́búlẹ́bú igi máa ń ju 300 lọ, ti ìgbẹ́ adìyẹ kò ju bíi 10. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì ń wá ara wọn ni. Ẹ kó o padà sí òkìtì, ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ sáàárín rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè: Lándílọ́ọ̀dù ní òkìtì mi ń rùn, eku sì ti dé.

Ìdáhùn: Ẹ yọ ẹ̀bà, ẹran, egungun àti ọbẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílùú tí ibà Lásà ti ń pa èèyàn. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín, ìwọ̀nyẹn ò burú. Omi ló ń mú un rùn. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, ẹ sì fi tapólì bò ó bí òjò bá ṣú.

Ìbéèrè: Ìgbẹ́ màlúù láti Oko Ọba ní Agége ńkọ́? Koríko tó hù lórí tèmi ju ẹ̀fọ́ lọ.

Ìdáhùn: Kì í jó ewé bíi ti adìyẹ. Àmọ́ irúgbìn koríko tí màlúù jẹ, òmíràn a la inú rẹ̀ kọjá láàyè. Iná inú òkìtì ló ń pa á, ó sì yẹ kó tó 55°C fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín òkìtì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fà á yọ. Bí ẹ bá lè dì í mú pẹ́ láìjá a sílẹ̀, kò tíì gbóná tó. Ẹ yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sáàárín.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ò fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tí mo fi ìgbẹ́ gbìn. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ tútù lẹ lò, ó tọ̀nà. Lábẹ́ òfin àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 120 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí ìgbẹ́ tútù wọlẹ̀ àti ọjọ́ ìkórè, bí ohun tí a máa jẹ bá ń kan ilẹ̀. Bí kò bá kàn án, 90. Tẹ̀tẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti tó fún un. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún ara yín. Èyí tó ti gbóná nínú òkìtì tó sì ti jẹrà tán kò ní wàhálà yẹn, ẹ sáà fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti jẹrà tán: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó rin díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ dè é pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u tó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti tó. Bó bá ta yín nímú, ẹ dè é padà.